Ẹrẹ̀ Tí Baba Ìgò Dànù

Òní ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde. Ọdún mọ́kànlá ni Baba Ìgò ti gbé e sínú, ó ń jẹun lé e, ó ń sùn lé e, ó tilẹ̀ gba ìwé ìfẹ̀yìntì lé e, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù ní Ọjọ́rú yẹn, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń kọ́ni, ó na ọwọ́ sókè, kò sì dúró kí alága ìpàdé pè é kó tó dìde. Ó ní, "Ẹ má tíì dìbò yẹn. Mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná." Alága náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ títún ṣe ní òpópónà kejì, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo lè fún yín." Baba Ìgò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ò tó, iye tó bá gbà ni òun máa lò. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn, torí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n yí ọrùn wò ó dáadáa.

Ohun tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí ò le rárá. Ẹrẹ̀ ti kún inú adágún tó wà lókè ìlú, níbi tí wọ́n ti sé odò mọ́, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá sì ti ń wa ẹrẹ̀ náà jáde láti oṣù tó kọjá. Ó dúdú, ó lọ́ràá, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọgbà tí kò ní wù. Ìgbìmọ̀ àdúgbò fẹ́ kó o fún gbogbo ẹni tó bá ní ọgbà tàbí oko, lọ́fẹ̀ẹ́, ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Tipa mẹ́ta àkọ́kọ́ máa dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti bu díẹ̀ sínú abọ́ kan sórí tábìlì fún àfihàn, abọ́ náà sì ti lọ káàkiri gbọ̀ngàn, oníkálukú ń ki ìka bọ̀ ọ́, wọ́n ń yìn ín. Ọmọ Baba Ìgò fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà pé kí wọ́n kó ẹrẹ̀ náà wá. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, bàbá rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ba gbogbo ilẹ̀kùn ilé jẹ́. Iwájú ló jókòó sí, àwòrán ọgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yà wà lórí itan rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kọ orúkọ sí ebè tirẹ̀. Ohun tí Baba Ìgò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, ni pé oró wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Tíṣà ti wá bá a nílé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Bàbá, tipa mẹ́ta ni wọ́n máa kó wá fún wa o." Baba Ìgò bi í pé ta ló sọ pé ẹrẹ̀ náà mọ́. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà kọ́? Ìwé àyẹ̀wò omi yín ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ọdún mẹ́wàá gbáko, orúkọ yín wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi." Baba Ìgò ní kí wọ́n wá iyẹ̀pẹ̀ mìíràn. Tíṣà ní kí ló dé? Bàbá rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní Ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, ó fẹ́ yọ́ ọ sọ fún wọn, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tẹ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ láago. Ọ̀gá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "O ti fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ wà níbi tó wà." Bó ṣe jẹ́ pé ìpàdé yìí nìkan ló kù nìyẹn. Ẹ má rò pé ìgboyà ló mú un dìde o, gbogbo ilẹ̀kùn yòókù ló ti kọ́kọ́ kàn.

Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ tó ń jẹ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi gbé ìgò kiri fún ilé-iṣẹ́ omi. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ "Baba Ìgò" á rò pé ọ̀mùtí paraku ni, bẹ́ẹ̀ omi lásán ló wà nínú àwọn ìgò náà, omi odò àti omi adágún, tó ń bù lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà lẹ́yìn àwọn òkè bú gbàmù. Afẹ́fẹ́ gbé oró ibẹ̀, òjò sì rọ̀ ọ́ sórí igbó àti sórí àwọn òkè tí odò ti ń ṣàn wá. Wọ́n kó àwọn ará ìlú kúrò fún ọdún méjì ó lé. Àwọn bíi Baba Ìgò ló ṣẹ́kù, wọ́n fún wọn ní bàtà rọ́bà àti ìbòmú, wọ́n ní kí wọ́n máa bu omi lọ, kí ìjọba lè mọ ọjọ́ tí àwọn ènìyàn á padà sílé. Ọ̀gá wọn sọ fún wọn pé, "Ìgò yín ni gbogbo wa á máa wò." Orí Baba Ìgò wú nígbà náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú gbọ̀ngàn. "Mo rò pé mo ti di ènìyàn pàtàkì," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n ti orí korobá bẹ̀rẹ̀," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Tí a bá fi korobá fa omi odò, a máa ń gbé e kalẹ̀ sétí odò ná. A ó kọ ọjọ́ sínú fọ́ọ̀mù, a ó kọ aago, a ó kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Kí a tó kọ ọ́ tán, ẹrẹ̀ inú korobá á ti lọ sí ìsàlẹ̀. Èyí tó tòrò lókè la máa rọ sínú ìgò. Kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi, torí ẹrẹ̀ máa ń dí bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ní yàrá àyẹ̀wò." Ó ní obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ, òun ló ń wọn omi. Tí ìgò bá dé pẹ̀lú ẹrẹ̀, á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á ní, "Baba Ìgò, amọ̀ lẹ tún gbé wá. Ṣé ìkòkò lẹ fẹ́ kí n mọ fún yín ni?" Báyìí ni "jẹ́ kó tòrò" ṣe di ara iṣẹ́, bí ẹni ń fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Kòkòrò inú omi mímu ni wọ́n ń wá láyé ìgbà yẹn, kò sì ṣe nǹkan kan. Nígbà tí oró dé, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n yí i padà, kò sì sí ẹni tó rò ó.

Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ wíwa adágún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Ó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, kí wá ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Tí oró bá wà nínú omi, ṣé kò ní wà nínú èyí tó tòrò náà ni?" Baba Ìgò ní ìbéèrè rere ni, òun ló yẹ kí àwọn ti bi ara wọn. "Ẹ bu iyọ̀ sínú omi, á yọ́, á bá omi lọ. Oró yìí ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, a rí i, lẹ́yìn náà iye rẹ̀ wálẹ̀, inú wa dùn. A ò mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù ti lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ lórí òkè, àgàgà amọ̀ tó kúnná. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kì í fẹ́ẹ́ jábọ́. Tí òjò bá rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tó wà náà ló máa wà. Ṣùgbọ́n tí òjò ńlá bá rọ̀, àgbàrá á gbá iyẹ̀pẹ̀ náà wọ odò kékeré, odò kékeré á gbé e fún odò ńlá, odò ńlá á gbé e wọ adágún. Inú adágún, omi ò sáré mọ́. Kí ni ẹrẹ̀ á wá ṣe?" Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Á jókòó sísàlẹ̀." Baba Ìgò ní, "Ó jókòó. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń jókòó. Oró náà wà nínú ẹrẹ̀, èmi sì ń da ẹrẹ̀ nù sétí odò, mo ń gbé omi tó mọ́ lọ fún ìjọba. Òun lẹ rí nínú ìwé mi." Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ìka wọn. Obìnrin kan yọ ìnujú, ó ń nu tirẹ̀ lábẹ́ àga.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, wọn ì bá ṣàánú rẹ̀. Àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣe é? Ojú alága ti ń rọ̀, àgbẹ̀ kan ti ń mi orí, ó ní, "Ó ṣe o, bàbá." Baba Ìgò rí àánú náà lójú wọn, ó sì dùn mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀ kó jókòó. Ìgbà tó rí i pé ó dùn mọ́ òun ni inú bí i sí ara rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ má kẹ́dùn fún mi. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni mi ò mọ̀."

Ó sọ bó ṣe mọ̀ fún wọn. Ní ọdún kẹta, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Ọ̀nà já, kò tètè dé etí odò, ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú. Kò ráàyè jẹ́ kí korobá tòrò, ó kan rọ omi náà sínú ìgò pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀, ó sì sáré lọ. Bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ti tán lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, ló bá gbé ìgò náà sínú ẹ̀rọ bó ṣe wà. Iye tó jáde fi ìlọ́po ogójì ju èyí tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó nu ún, ó tún un wọ̀n, bákan náà ni. Ó wá jẹ́ kí ìgò náà dúró di ọjọ́ kejì, ó wọn èyí tó tòrò lókè, kò sí nǹkan kan. Ó bu ìsàlẹ̀, iye náà tún fò sókè. Ó ránṣẹ́ pe Baba Ìgò, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jókòó. Láti ọdún mẹ́ta, ibi tí nǹkan náà ò sí la ti ń wá a."

Àwọn méjèèjì gbé ìgò náà lọ bá ọ̀gá. Oṣù méje péré ni àwọn ará ìlú tíì padà sílé nígbà yẹn. Ọ̀gá ò pariwo, kò sì halẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìgò náà títí, ó ní, "Ta ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n tún palẹ̀ ẹrù mọ́?" Ó ní, "Omi mímu ni iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í mu ẹrẹ̀. Ẹ máa bù ú bí ẹ ṣe ń bù ú." Ó wá bi wọ́n pé ìgò mélòó ni wọ́n ní. Ìyá Ẹ̀rọ ní ìkan yìí ni. Ọ̀gá ò sọ pé kí wọ́n dà á nù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú bírò, ó ń kọ nǹkan mìíràn. "Èmi ni mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi," Baba Ìgò sọ fún wọn. "Ìyá Ẹ̀rọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Ẹ má dà á nù, Baba Ìgò.' Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dà á nù. Mo tún fi omi ṣan ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gba ìwé lọ sí ìlú mìíràn. Òun náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín dá a lẹ́bi. Òun ló ní kí n má dà á."

Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ láìmọ̀ ló wá ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Tí òjò ńlá bá rọ̀, á ní bàtà òun jò, á ní ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́, á jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí odò fi mọ́ kó tó lọ. Ọdún méje ló fi ṣe é kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó béèrè, torí ìwé rẹ̀ dára. Wọ́n tilẹ̀ máa ń mú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wá wo bó ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ó ti rò ó títí. Ẹ̀rù ọ̀gá wà níbẹ̀, ẹ̀rù ìfẹ̀yìntì tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ èyí tó tì í lójú jù fún wọn pé, "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Baba Ìgò ò mọ iṣẹ́. Ẹ wò ó, nítorí orúkọ ìgò lásán."

Àgbẹ̀ tó ti ń mi orí lẹ́ẹ̀kan ò mì í mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹrẹ̀ tó dúdú báyìí, ṣé ká wá dà á sọ́nù torí ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni? Bóyá oró náà ti lọ." Ẹnjiníà dìde, ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ọkọ̀ òun tó ń gbọ́ ohùn oró, kò tíì sí ìdí tí òun fi mú un jáde rí. Ó lọ gbé e wá. Ó kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ ògiri, ó ń dún táṣì, ó dákẹ́, ó dún táṣì. Ó gbé e sún mọ́ abọ́ ẹrẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Ó dún láìdánu dúró, bí òjò lórí páànù. Ẹnjiníà ní èyí ò pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má sáré, kí wọ́n kan fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò lè gbé e lọ fún ọgbà tí ọmọdé ti ń jẹun. Tíṣà ń wo àwòrán orí itan rẹ̀.

Ó ti dájú báyìí pé tipa ò ní wá mọ́, kò sì sí ẹni tó máa bi Baba Ìgò ní ìbéèrè mọ́. Ó lè máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti di aṣọ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ pé kó jókòó. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Ó ku ìkan. Ìyẹn ló burú jù." Ó wo ọ̀dọ̀ fèrèsé, níbi tí obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja jókòó sí. Ọkọ obìnrin náà ló ń ju àwọ̀n sínú adágún, ọ̀rẹ́ Baba Ìgò sì ni. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pàdé létí omi. Apẹja á ní, "Baba Ìgò, omi wa ńkọ́?" Á ní, "Omi yín mọ́." Apẹja á wá fa ẹja àrọ̀ kan yọ, á fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, á ní, "Ẹ fi ṣọbẹ̀."

"Inú ẹrẹ̀ ni àrọ̀ ti ń jẹun," Baba Ìgò ní. "Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo da ìgò yẹn nù ni mo ti fòfin de ẹja adágún nínú ilé mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó ń da inú mi rú. Mo sọ fún Tíṣà pé aràn wà nínú rẹ̀. Mo dáàbò bo àwọn tèmi. Àmọ́ mo ń gba ẹja lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ń dúpẹ́, mo ń bá a ṣàwàdà, tí mo bá dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì, màá jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ọdún méje. Ó sì ń gbé èyí tó kù lọ sílé fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ṣàìsàn tó fi kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹja ló fà á. Dókítà ò mọ̀, kò sí ẹni tó lè mọ̀, mo sì ti fi àìmọ̀ yẹn tu ara mi nínú láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ó bi mí léèrè, mo sì purọ́ fún un lójúkojú." Ìyàwó rẹ̀ sọ ní ohùn kékeré, láìwo ojú rẹ̀, pé, "Mo mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe inú yín. Mi ò kàn mọ irú irọ́ tó jẹ́ ni." Tíṣà ti yí padà lórí àga rẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò.

Ìyá Ẹlẹ́ja kọjú sí Baba Ìgò. Ó ní, "Ọjọ́ tí Tíṣà gboyè, ọkọ mi gbé àrọ̀ ńlá kan wá sílé yín. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń ṣàjọyọ̀, òun ò lè mú kékeré lọ. Ìyẹn náà ńkọ́?" Baba Ìgò ní, "Mo jù ú nù." Obìnrin náà mi orí. "Èyí tó dára jù ló mú fún yín. Àwọn kéékèèké la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń ròyìn yín bó ti ń jẹun, ó ní ẹ dúpẹ́ dúpẹ́." Omi lé sí Baba Ìgò lójú, ó sì fi ọwọ́ nù ún kíákíá, torí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí omi ojú òun máa ṣe láǹfààní níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, ìyá. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bi yín léèrè ìdí." Ìyá Ẹlẹ́ja ní, "Mi ò dárí jì yín. Bóyá lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ má fi ìkúnlẹ̀ dí mi lójú. Ìwé irọ́ yín wà lọ́wọ́ ìjọba fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ lọ kọ ti òótọ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rántí, kí ẹ sì gbé e fún ẹnjiníà kí n rí i." Baba Ìgò ní òun á kọ ọ́. Alága ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kó ẹrẹ̀ náà na ọwọ́, kò sí ẹni tó nà á.

Lóde, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ń lọ fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, Tíṣà dúró níwájú bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. Ó ní, "Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa dé lọ́la pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti irúgbìn. Wọn á bi mí pé ẹrẹ̀ dà. Mi ò ní bá yín sọ ọ́. Èmi ni mo fi ìwé yín hàn wọ́n pé, ẹ wo ohun tí bàbá mi ṣe. Ẹ máa bọ̀ láago mẹ́jọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́." Bàbá rẹ̀ ní òun á wá. Ó fẹ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì rí i pé kò tíì tó àkókò.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti dé. Àwọn ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló jókòó, ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ wọn ti wọ bàtà rọ́bà. Tíṣà dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó ká ọwọ́ gbera, kò bá a dá sí i. Baba Ìgò sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ó sọ nípa òkè, òjò, odò àti adágún. Ó sọ nípa korobá. Ó sọ nípa ìgò tó dànù àti ẹja tó jù nù. Ó ní ebè wọn ò ní parẹ́, ẹnjiníà ti ń wá iyẹ̀pẹ̀ mìíràn, wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, àwọn náà á sì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ wíwo nǹkan fún àwọn ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú, kó má wo ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n béèrè ohun tó bá wù wọ́n.

Ọmọbìnrin kan dìde ní ìlà kejì. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí ẹ ń bu èyí tó mọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé èyí tó burú wà nísàlẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé wọ́n ní àwọn máa lù yín ni tí ẹ bá sọ ọ́?"

"Rárá. Kò sí ẹni tó halẹ̀ mọ́ mi."

Ọmọ náà ronú sí i, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà ò yé e. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

Baba Ìgò wo Tíṣà lókè orí àwọn ọmọ náà, ó tún wo ọmọ tó béèrè, tó dúró tó ń retí. Ó ní, "Torí ó rọrùn ni, ọmọ mi. Ó rọrùn gan-an."